Ta Ni Ó Pa Iná? Àyẹ̀wò Èdè Ìkéde Ilé-Iṣẹ́ ní Ìlú Accra

Àwọn lámèyítọ́ Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí oríkì, lórí ìtàn àròsọ, lórí eré orí ìtàgé àti lórí ewì àjogúnbá. Ìwé pélébé tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri láti sọ fún ará ìlú pé ohun kan kò ní ṣiṣẹ́ kì í sábà kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ìlú ńlá, ìwé pélébé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà jù lọ láàárín ọdún, òun ni wọ́n sì ń gbé ètò ọjọ́ wọn lé. Ẹni tí ó bá ṣi ewì túmọ̀ kò pàdánù ju adùn ewì náà lọ. Ẹni tí ó bá ṣi ìkéde túmọ̀ lè jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú mọ́ ọn lórí.

Kí a mú àpẹẹrẹ láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́. Ibùdó 272 ni ọkọ̀ náà ní. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ènìyàn lè wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn rárá, nítorí pé lífìtì, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè-sódò, wà níbẹ̀, tàbí nítorí pé ilẹ̀ ibùdó náà tẹ́jú. Àmì kẹ̀kẹ́ aláìlè-rìn ni wọ́n fi ń dá irú ibùdó bẹ́ẹ̀ mọ̀ lórí àwòrán ọ̀nà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àmì náà jẹ́ oríṣi méjì. Èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù túmọ̀ sí pé ènìyàn kò ní pàdé àtẹ̀gùn láti ojú títì títí dé inú ọkọ̀. Èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ funfun túmọ̀ sí pé kò ní pàdé àtẹ̀gùn títí dé pẹpẹ tí ọkọ̀ ń dúró sí. Láti orí pẹpẹ sínú ọkọ̀, àlàfo tàbí ìgàsókè lè wà níbẹ̀. Àwòrán kan náà ni, àwọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀, ó sì jẹ́ pé ìyàtọ̀ àwọ̀ yìí ni ó ń sọ bóyá ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò wọ ọkọ̀ tàbí yóò máa wò ó bí ó ti ń lọ. Ó ṣòro láti gbà pé ẹni tí ó ṣètò irú àmì báyìí fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí yóò lò ó.

Nígbà tí lífìtì bá wá bàjẹ́, ìkéde tí ó máa ń jáde nígbà mìíràn ni pé kò sí ọ̀nà aláìlátẹ̀gùn ní ibùdó báyìí-báyìí. Gbólóhùn náà kò purọ́. Ohun tí kò sọ ni ó pọ̀. Kò sọ pé lífìtì ni ó bàjẹ́. Bí ibùdó bá ní lífìtì mẹ́ta, kò sọ èwo ni. Kò sọ bóyá ẹni tí ń bọ̀ láti ìta ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, tàbí ẹni tí ó ti wà nísàlẹ̀ tí ó ń wá ọ̀nà àtijáde. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìṣòro náà wáyé, ìyẹn lífìtì, ni wọ́n yọ kúrò nínú gbólóhùn, tí wọ́n fi àìsí ọ̀nà rọ́pò rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ni ó dìde tí ó bá tirẹ̀ lọ. Àtúnṣe tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe ìdí nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn a ní òṣìṣẹ́ kò tó. Ìgbà tí yóò parí a sì máa jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tún gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn.

Accra kò tíì ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù November 2019, ní Johannesburg, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọkọ̀ ojú irin orí afẹ́fẹ́ kan tí yóò gùn tó kìlómítà 194 káàkiri Accra, tí owó rẹ̀ yóò sì tó bílíọ̀nù 2.6 dọ́là; wọn kò kọ́ ọ. Èkó ni ó ṣáájú ní tirẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Aláwọ̀ Búlúù bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 4 September 2023 láàárín Marina àti Mile 2, tí Aláwọ̀ Pupa sì tẹ̀ lé e ní oṣù October 2024. Ní Accra, inú ilé gíga ni lífìtì wà: nínú ọ́fíìsì ìjọba, nínú ilé ìfowópamọ́, nínú ilé ìwòsàn. Òfin sì wà lórí rẹ̀. Òfin 715 ti ọdún 2006, tí Ghánà ṣe fún àwọn tí ó ní àléébù ara, fún àwọn onílé tí ará ìlú ń lò ní ọdún mẹ́wàá láti ṣe ilé wọn ní ọ̀nà tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò fi lè wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́wàá náà pé ní 2016. Ṣùgbọ́n bí onílé bá tilẹ̀ fi lífìtì sí i, iná mànàmáná ni lífìtì ń jẹ. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì sí, òfin àti ẹ̀rọ dúró pa pọ̀ sójú kan. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí èdè ìkéde ṣe ń da ará ìlú láàmú ní Accra kò gbọdọ̀ dúró sí ẹnu lífìtì. Ìkéde iná ni kí ó lọ kà, nítorí inú rẹ̀ ni ìkéde lífìtì ti ń jáde wá.

Àwọn ará Ghánà ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún àìdúró iná: dumsor. Láti inú èdè Akan ni ó ti wá, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí a so pọ̀, dum tí ó túmọ̀ sí pa iná, àti sɔ tí ó túmọ̀ sí tan iná. Pa-tàn, pa-tàn. Ìṣòro náà kì í ṣe tuntun. Omi adágún Akosombo fà ní 1983 sí 1984, ó tún fà ní 1998 àti ní 2006 sí 2007, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pín iná bí ẹni pín ẹran. Ní oṣù August 2012, ọ̀pá gáàsì tí ó ti Nàìjíríà wá gba abẹ́ òkun bàjẹ́ lẹ́bàá Lomé, nígbà tí ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan fà á ya. Láti ìgbà náà lọ títí dé 2016 ni dumsor fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. Ní 16 May 2015, òṣèré fíìmù Yvonne Nelson ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde ní alẹ́ ní Accra pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Kwabena Donkor, tí ó jẹ́ mínísítà iná, ti ṣèlérí pé òun yóò fi ipò sílẹ̀ bí òun kò bá yanjú ọ̀rọ̀ náà kí ọdún 2015 tó parí. Ó sì fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà. Ó dára kí a rántí èyí, nítorí pé láàárín gbogbo ohun tí a ti sọ nípa iná ní Ghánà, ìlérí yìí ni gbólóhùn tí kò ní pọ́n-na jù lọ: ó ní olùwà, ó ní ọjọ́, ó sì ní ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá pé.

Ìkéde ilé-iṣẹ́ iná, ECG, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòṣe rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: àkọlé tí ó sọ irú àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe, ẹkùn, ọjọ́, wákàtí, àwọn àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àti ẹ̀bẹ̀ nísàlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣàkíyèsí nínú rẹ̀ ni pé olùṣe kò sí níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìhun gbólóhùn kan tí ó fi àbọ̀ sí ipò olùwà, tí olùṣe á sì dàwátì: àdúgbò kan ni yóò jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ìpèsè ni yóò jẹ́ ohun tí a dá dúró. Ẹni tí ó dá a dúró kò sí nínú gbólóhùn. Yorùbá kò ní irú ìhun yìí. Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ sọ pé iná ti lọ nítorí pé ilé-iṣẹ́ pa á, yóò ní, “Wọ́n ti mú iná lọ.” Ẹni tí “wọ́n” jẹ́ lè má hàn, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó jókòó sí ipò olùwà, a sì lè béèrè pé, “Ta ni wọ́n?” Ní Nàìjíríà, a tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: àjọ NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 ti yí orúkọ padà ní 2005, wọ́n sì ti pín in tà ní 2013, síbẹ̀ NEPA ni ó ń mú iná lọ lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di òní. Akan náà kò ní ìhun aláìlólùṣe tí Gẹ̀ẹ́sì ní. Wɔ-, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ “wọ́n” wa, ni ó ń lò. Nítorí náà, nígbà tí oníròyìn kan lórí rédíò bá ń túmọ̀ ìkéde ECG sí Akan láràárọ̀, gírámà yóò fi ipá mú un láti dá olùṣe padà sípò rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti 1999 ni Peace FM ti ń sọ Akan lórí afẹ́fẹ́ ní Accra, tí Obonu FM náà sì ń sọ èdè Ga. Ó ṣeé ṣe kí ìkéde tí ará ìlú gbọ́ létí sàn ju èyí tí ilé-iṣẹ́ kọ lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ tún un ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ ìsàlẹ̀ ìwé náà tún ní ìwà tirẹ̀. Ó máa ń kẹ́dùn fún ìnira yòówù tí ó bá ṣẹlẹ̀. “Yòówù” ni ó gba àfiyèsí. Bí ìyàwó ilé kan bá da ọbẹ̀ sí àlejò láṣọ, kò ní sọ pé, “Ẹ má bínú sí àbàwọ́n yòówù tí ó bá wà níbẹ̀.” Ọbẹ̀ ti wà lára aṣọ. Ẹni tí ń ta ẹja inú yìnyín ní Kaneshie mọ ohun tí ó ń nù ú bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà. Aránṣọ tí ó ti gba owó àṣọ̀ọ̀dún lọ́wọ́ oníbàárà mọ̀ ọ́n. Olórí ilé ìwòsàn mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bẹ̀ tí ó ṣiyèméjì nípa ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tíì di ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àdúgbò ni ó le jù. Ìkéde yóò ka orúkọ bíi márùn-ún: Achimota, Alajo, Kotobabi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì fi “àti agbègbè wọn” dé e. Kí ni agbègbè? Wáyà iná kò bá ààlà àdúgbò rìn. Tiransifọ́mà kan lè máa fún apá òsì òpópónà ní iná, kí òmíràn tí ó wà lẹ́yìn ọjà máa fún apá ọ̀tún. Ẹnjiníà tí ó kọ ìkéde ní àwòrán wáyà níwájú rẹ̀. Ó mọ ibi tí “agbègbè” náà dúró. Òǹkàwé kò ní in. Ó mọ̀ pé òun ń gbé ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, tàbí ní ibi tí ọkọ̀ tírótíró ti ń yí orí padà. Accra jẹ́ ìlú tí àwọn ènìyàn ń fi àmì júwe: Circle, Thirty-seven, Last Stop, Atomic. Ìjọba gbé àdírẹ́sì orí fóònù jáde ní October 2017 tí ó fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì yẹ kí ènìyàn rò pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ iná yóò fi máa sọ ẹni tí ìkéde kàn. “Àti agbègbè wọn” ṣì rọrùn jù. Gbólóhùn kúkurú yìí a máa gba ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ìdálẹ́bi ní ọ̀nà méjì: ẹni tí iná rẹ̀ lọ wà nínú agbègbè, ẹni tí iná rẹ̀ kò lọ kò sí nínú agbègbè. Kò sí ọjọ́ tí ìkéde náà lè jẹ́ irọ́.

A máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, tí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òwe yìí ní ohun kan tí kì í sọ síta: ó gbà pé ẹni tí ń sọ àti ẹni tí ń gbọ́ jọ ní ìmọ̀ kan náà tí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀. Lórí ìmọ̀ àjọní yìí ni àrokò dúró. Nígbà tí àwọn baba wa bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ẹẹ́fà ni, pé ọkàn ẹni náà fà sí òun. Bí ó bá fi mẹ́jọ dáhùn, ẹni àkọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Owó ẹyọ lásán ni lójú àjèjì. Ìkéde ilé-iṣẹ́ iná ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ bí àrokò, ṣùgbọ́n òun kò tíì fi ìdajì kejì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Kí a wá wo àkókò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, nígbà tí nǹkan le tán, ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn ilé gbígbé ni pé kí iná wà fún wákàtí 12, kí ó sì lọ fún wákàtí 24. Wọ́n pín àdúgbò sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, wọ́n sì ya àtẹ àkókò fún wọn. Lójú ẹni tí ń ṣírò iná, ètò náà mọ́ lóló: ìdá kan nínú mẹ́ta ní iná, ìdá méjì kò ní. Lójú ẹni tí ń gbé nínú ilé, ó ṣòro láti dì mú. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé iná dé ní aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Yóò lọ ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò ní dé mọ́ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Yóò tún lọ ní mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú, kí ó tó tún dé ní mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni ó fi ń yí po. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀ ń fi yí po, méje kò sì ṣeé pín sí mẹ́ta láìṣẹ́kù. Ní Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ìrọ̀lẹ́ ni iná yóò dé dípò àárọ̀. Ó di ọjọ́ kọkànlélógún kí Ọjọ́ Ajé tó tún bá Ọjọ́ Ajé dọ́gba. Ẹni tí ó bá há ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sórí, ti ọ̀sẹ̀ kejì yóò sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó tún kù: oru tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó parí ní àárọ̀ Ọjọ́rú, orúkọ ọjọ́ wo ni ó yẹ kí ó jẹ́ lórí àtẹ? Yorùbá kò ní wàhálà pẹ̀lú èyí, nítorí “òru Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú” ni yóò pè é. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, ó sì pa pọ́n-na náà.

Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ka ọjọ́ tún yàtọ̀ láti èdè sí èdè, èyí sì kan gbogbo ìkéde tí ó bá sọ pé òun fún ará ìlú ní ọjọ́ báyìí. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń pè ní ọrún; èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ìtàdógún; “òní ìjọ mẹ́jọ” sì ni ọ̀sẹ̀ kan gééré. Akan ń ṣe bákan náà: nnawɔtwe, ọjọ́ mẹ́jọ, ni orúkọ ọ̀sẹ̀, adaduanan tí orúkọ rẹ̀ ń wí ogójì ọjọ́ sì jẹ́ méjìlélógójì bí Gẹ̀ẹ́sì bá kà á. Faransé pàápàá, tí àwọn ará wa ní Kútọnu àti Lomé ń sọ, ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ ìkéde kì í ka ọjọ́ àkọ́kọ́. Nítorí náà “ọjọ́ mẹ́ta” tí ìwé wí àti ọjọ́ mẹ́ta tí etí gbọ́ lè fi ọjọ́ kan jìn sí ara wọn.

Àwọn Yorùbá tí ó ti gbé Accra rí mọ̀ pé ọjọ́ kan kì í ṣe ohun eré. Ní 18 November 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghánà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tí ó ka ọjọ́ ìkéde mọ́ ọn yóò dé 1 December, ẹni tí kò kà á yóò dé 2 December. Ọ̀rọ̀ “àjèjì” pàápàá kò mọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ìlọrin ni wọ́n bí sí Ghánà, tí wọ́n ń sọ Ga àti Akan bí onílé, tí wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ni ìwé náà ń bá wí àfi ìgbà tí aládùúgbò wọn sọ fún wọn. Ohun tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ ni wọ́n tà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iye tí ẹni tí ń rà bá sì wí ni wọ́n gbà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé Accra kò mọ bí a ti ń kéde. Lọ́dọọdún, nǹkan bí oṣù May sí June, kí ọdún Homowo tó dé, àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ Ga máa ń fi òfin de ìlù àti ariwo fún bí oṣù kan. Ìkéde rẹ̀ máa ń dárúkọ ẹni tí ó pàṣẹ. Ó máa ń dárúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọjọ́ ti Ga Mashie kì í ṣe ọjọ́ ti La tàbí ti Teshie. Ó máa ń sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Láti nǹkan bí 1998, nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ìjọ Kristẹni kan àti àwọn olùṣọ́ àṣà nítorí ìlù nínú ilé ìjọsìn, ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé bí ìkéde yìí bá ní ibi tí ó ṣókùnkùn, orí lè fọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní “àti agbègbè wọn” nínú. Akéde tí ń lu agogo láti àdúgbò dé àdúgbò nígbà láéláé, tí Akan ń pè ní ẹni tí ń lu dawuro, ni bàbá irú ìkéde yìí: orúkọ ẹni tí ó rán an ni ó kọ́kọ́ ń dá, ènìyàn sì lè dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó béèrè ohun tí kò yé e. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kò ṣeé dá dúró.

Ìṣòro náà dé góńgó ní 2024. Iná ń lọ lemọ́lemọ́ ní Accra àti káàkiri Ghánà, àwọn ènìyàn sì ń béèrè àtẹ àkókò. Àwọn aláṣẹ ECG ní kì í ṣe dumsor. Wọ́n ní tiransifọ́mà ni ẹrù ti pọ̀ jù fún, wọ́n sì ka 630 irú rẹ̀. Ní oṣù March, PURC, àjọ tí ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ iná àti omi, ní kí wọ́n gbé àtẹ jáde, ó sì fún wọn di 2 April. Matthew Opoku Prempeh, tí ó jẹ́ mínísítà nígbà náà, ti sọ pé kí ẹni tí ó bá ń fẹ́ àtẹ lọ ṣe é fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí gbólóhùn yìí, wọ́n ní ìgbéraga ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí nǹkan payá tí ìbínú kò jẹ́ kí a rí. J. L. Austin, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1962, fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe pé wọ́n ń ròyìn nǹkan, wọ́n ń ṣe é ni. Àtẹ àkókò iná wà lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ghánà. Láti 2015 ni ó ti di pé ìjọba tí ó bá tẹ̀ ẹ́ jáde ti jẹ́wọ́ pé dumsor ti padà dé, dumsor sì ni àwọn ènìyàn fi na ìjọba Mahama ní ìdìbò 2016. Àtẹ náà kò jẹ́ ìròyìn mọ́, ìjẹ́wọ́ ni. Ẹni tí kò fẹ́ jẹ́wọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́, bí ó tilẹ̀ mọ gbogbo wákàtí tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan ni èyí fi yàtọ̀ sí ti lífìtì Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, àṣà ọ́fíìsì ni ó ń sọ èdè di òkùnkùn. Kò sí ẹni tí yóò pàdánù ìdìbò nítorí ọ̀rọ̀ náà “lífìtì”. Ní Accra, ìpalẹ́numọ́ ní ìdí, ó sì ní èrè. Ìlànà ìkọ̀wé tí ó mọ́ kò lè tó láti wò ó sàn, àwọn tí ó rò pé kí a ṣáà kọ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó rọrùn ti ṣi ibi tí àrùn wà mú.

Ní oṣù April 2024 náà ni PURC bu owó ìtanràn 5,868,000 sídì lé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí ECG lórí. Ó yẹ kí a ka ẹ̀sùn náà dáadáa. Kì í ṣe nítorí pé iná lọ ni, nítorí òfin mọ̀ pé iná lè lọ. Òfin L.I. 2413 ti ọdún 2020, tí ó dá lórí bí a ti ń ṣe sí oníbàárà, ni wọ́n ní wọ́n rú, níbi tí ó ti pàṣẹ pé kí wọ́n sọ fún ènìyàn ṣáájú kí wọ́n tó pa iná. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a kò sọ ṣe ní iye owó ní Ghánà, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́, tí kò ní ojú tí kò ní imú, ni wọ́n bu owó náà lé. Àwọn ènìyàn tí ó jókòó nídìí àkóso láti 1 January títí di 18 April ọdún náà ni wọ́n ní kí ó san án láti inú àpò ara wọn. Nínú ìwé ìdájọ́ náà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà tí ìkéde fi ń fara pamọ́, olùwà wà nínú gbólóhùn.